Kí Lẹ Ń Fà Sí Ẹ̀dọ̀fóró Yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tí àwọn òbí yín bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ọ̀rọ̀ nǹkan kékeré tí ẹ ń kì bọ àpò yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, vape tí ẹ ń fà tí yàrá ń ta sánsán òórùn máńgòrò. N kò wá láti pariwo lé yín lórí. Ariwo ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ariwo náà sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn tó wà nínú ewu gbọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Ọ̀ràn àwọn tó ṣàìsàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 ló jẹ mí lọ́kàn. Nígbàkígbà tí mo bá dá a sílẹ̀ láàárín yín, mo máa ń rí i pé ìdajì ìtàn náà ló dé etí yín, ìdajì tó bá yín lára mu sì ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù keje ọdún 2019, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Wisconsin kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́langba tí ara wọn le koko tẹ́lẹ̀ ń wọlé wá pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́. Wọ́n ń wúkọ́, àyà ń dùn wọ́n, èémí wọn kò délẹ̀. Àwọn kan ń bì, àwọn kan ń yàgbẹ́ gbuuru, ibà mú wọn, wọ́n sì ń rù. Ó jọ òtútù àyà, wọ́n sì fún wọn ní oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n oògùn kò ràn án. Wọ́n wá kòkòrò àìfojúrí tó lè fa irú rẹ̀, wọn kò rí i. Àwọn mìíràn kò lè dá mí mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Nígbà tí wọ́n wádìí ohun tí àwọn ọmọ náà jọ ń ṣe, ohun kan ni wọ́n bá lọ́wọ́ gbogbo wọn: vape. Lọ́jọ́ 25 oṣù náà, Wisconsin kéde ọmọ mẹ́jọ. Illinois tó múlé tì í náà ti ń rí irú rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ kéde ikú, ní oṣù kẹjọ.

Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2020 fi máa dé, tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn, ka iye wọn kẹ́yìn, ẹni 2,807 ló ti dèrò ilé ìwòsàn tàbí tó ti kú. Kò sí ìpínlẹ̀ kan nínú àádọ́ta tí kò kàn. Ẹni 68 ló kú. Ìdajì àwọn tó ṣàìsàn kò ju ọmọ ọdún 24 lọ. Ní Detroit, ọmọkùnrin kan wà tí kò tí ì pé ọdún 18. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì bàjẹ́ débi pé àfi ìgbà tí wọ́n yọ wọ́n, tí wọ́n fi ti ẹlòmíràn sí i, kó tó lè yè.

Kí ló fà á? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ rántí pé inú ti ń bí àwọn òbí àti olùkọ́ ní Amẹ́ríkà sí vape kí àìsàn yìí tó dé rárá. Lọ́dún 2019 yẹn, ó lé ní ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà wọn tó sọ pé òun fa vape láàárín oṣù kan. Ní ìparí ọdún 2018, dókítà àgbà fún ìjọba wọn, Jerome Adams, ti kéde rẹ̀ ní àjàkálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ní, ẹ ò rí i, a ti wí. Gbogbo vape ni wọ́n dẹ́bi fún. CDC ní kí gbogbo èèyàn jáwọ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, Ààrẹ Trump ní òun yóò fòfin de àwọn tó ní adùn èso. Gómìnà Charlie Baker ní Massachusetts kéde pé òun dá títà gbogbo rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù yẹn kan náà, Íńdíà fòfin dè é jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Àwọn tó wà ní òdìkejì kò gbà. Àwọn tó ń tà á wà níbẹ̀, a kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó tipasẹ̀ vape bọ́ lọ́wọ́ sìgá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ bíi Michael Siegel, tó wà ní Yunifásítì Boston nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ayé ti ń fa nǹkan yìí, pé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ló ń fà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò sì dákú báyìí. Èéṣe tó fi jẹ́ 2019? Èéṣe tó fi jẹ́ Amẹ́ríkà nìkan? Ìbéèrè gidi ni. Pé ọlọ́jà wà lára àwọn tó ń béèrè rẹ̀ kò sọ ọ́ di ìsọkúsọ.

Àwọn dókítà fúnra wọn kò fẹnu kò. Ní Utah, wọ́n rí ọ̀rá nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn, wọ́n ní bóyá òróró ló ń dì sí wọn láyà. Ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni 17 wò, wọ́n ní àwọn kò rí òróró tó dì, pé ohun tí àwọn rí jọ ojú ibi tí kẹ́míkà ti jó èèyàn. Àwọn kan fura sí oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ewé igbó kó má bàa hu, èyí tó lè di májèlé sáyánáìdì bí iná bá rà á. Àwọn mìíràn ní irin inú ẹ̀rọ náà ló ń yọ́ wọ inú èéfín. Bí wọ́n ṣe ń fà á síwájú ni wọ́n ń fà á sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí yìí, torí ibí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà.

Kì í ṣe nikotíìnì nìkan ni wọ́n ń fi vape fà. Wọ́n máa ń fún òróró jáde lára igbó, èyí tí THC wà nínú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń gun orí èèyàn. Wọ́n á rọ ọ́ sínú kátíríìjì, ọ̀pá dígí kékeré kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Òróró náà wọ́n, ó sì ki. Àwọ̀ oyin ni. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ oníṣòwò abẹ́lẹ̀ kò ní ohun tó lè fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Yóò mú kátíríìjì náà, yóò dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò sì máa wo ẹyọ atẹ́gùn kékeré tó há sínú òróró náà. Bí atẹ́gùn yẹn bá sáré gòkè, àbùlà ni, kò níí rà á. Bó bá ń rá pálá lọ sókè, tàbí tó dúró sójú kan, á ní òróró gidi nìyí, á sanwó.

Ọlọ́jà náà mọ ìdánwò yìí. Ó wá ń wá ohun tó lè fi bu òróró là tí atẹ́gùn kò fi níí sáré: ohun tí kò láwọ̀, tí kò rùn, tí kò wọ́n, tó sì ki. Ohun tó rí ni vitamin E acetate. Láti nǹkan bí ìparí ọdún 2018 ni irú àwọn àdàlú tó ń mú òróró ki bẹ́ẹ̀ ti ń dé ọwọ́ àwọn tó ń po òróró igbó ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin náà sì mọ vitamin E. Ó wà nínú ìpara tí ìyá yín fi ń para, ó wà nínú oògùn oníhóró tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge. Èèyàn lè fi para, kò ṣe nǹkan. Èèyàn lè gbé e mì, inú á dà á. Ṣùgbọ́n àyà kò ní agbára ikùn. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ní omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó tẹ́ sí wọn nínú, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra nígbà tí a bá mí síta. Àwọn onímọ̀ rò pé bí òróró yìí bá dé ibẹ̀, yóò bá omi náà pò, yóò sì bà á jẹ́. Àwọn kan ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, tún fi hàn pé bí iná bá rà á gidigidi, ó lè mú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní ketene jáde.

Ilé àyẹ̀wò Wadsworth ní ìpínlẹ̀ New York ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i, ní oṣù kẹsàn-án 2019, lára àwọn kátíríìjì tí àwọn aláìsàn lò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, CDC sọ ohun tí wọ́n rí nínú omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀dọ̀fóró ẹni 29 láti ìpínlẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní in. Wọ́n tẹ̀ síwájú dé ẹni 51 láti ìpínlẹ̀ 16, ẹni 48 ló ní in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ti ẹni 99 tí àìsàn yìí kò ṣe, tí àwọn tó ń fa sìgá àti vape wà lára wọn. Wọn kò rí i lára ẹyọ kan.

Ta ló ṣe é? Kò sẹ́ni kan pàtó. Orúkọ tí àwọn aláìsàn ń dá jù ni Dank Vapes, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn orúkọ náà tí èèyàn lè nawọ́ sí. Páálí lásán ni, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó rọ ohun tó wù ú sínú kátíríìjì, kó sì tà á. Ní Wisconsin, níbi tí òfin kò ti fàyè gba igbó títà, àwọn ọlọ́pàá já wọ ilé kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n sì bá kátíríìjì tó lé ní 30,000 tí wọ́n ti rọ òróró igbó sí. Nínú àwọn tó sọ ibi tí wọ́n ti rí ti wọn, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀rẹ́, ìbátan, oníṣòwò àdúgbò tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Àwa tí a mọ àwọn tó ń po àró mọ́ epo pupa kó lè pọ́n sí i lójú oníbàárà, irú wọn kò ṣàjèjì sí wa. Ojú ni wọ́n ń tà fún.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kí n tó sọ tiyín. Àwọn tó dá gbogbo vape pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ìkìlọ̀ ṣe àṣìṣe, àṣìṣe tó léwu sì ni. Ọmọ tó ń ra òróró igbó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ lórí rédíò pé vape ń pa èèyàn, ó rí àwòrán Juul, vape oní-nikotíìnì, lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní, kì í ṣe irú tèmi ni wọ́n ń sọ. Ó ń fa tirẹ̀ lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí ìkìlọ̀ yẹn sì ṣe nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn, 82 ló ní àwọn fa èyí tí THC wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti ké ìyẹn lé àwọn ọmọ létí, lọ́rọ̀ tó yé wọn, láti ìgbà tó ti ń hàn. Bákan náà ni ẹni tó ti fi vape kọ sìgá sílẹ̀: bí ìpayà bá lé e padà sídìí sìgá, wọn kò ṣe é lóore, nítorí gbogbo ayé ló mọ ohun tí sìgá ń ṣe. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni CDC tó yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà, tó dojú rẹ̀ kọ èyí tó ní THC nínú, pàápàá èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti lábẹ́lẹ̀.

Ó wá kù yín. Ẹ gbọ́ gbogbo èyí, ohun tí ẹ sì mú níbẹ̀ ni pé igbó ayédèrú ló pa àwọn ará Amẹ́ríkà, tiwa mọ́. Ọ̀pọ̀ yín ló ti fi ìdánilójú sọ bẹ́ẹ̀ sétí mi, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, wíwádìí ohun tó pa ẹnìkan kò dá ohun tó kù láre. Bí ọlọ́pàá bá mú olè kan ládùúgbò, ẹ kò níí ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sùn. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn yẹn, 14 ló sọ pé nikotíìnì nìkan ni àwọn fà. Mo gbà pé àwọn kan nínú wọn kò sọ òtítọ́, èmi yóò padà síbẹ̀. Síbẹ̀ CDC fúnra rẹ̀ kò sọ pé vitamin E acetate nìkan ni, ó ní ẹ̀rí kò tí ì tó láti yọ àwọn kẹ́míkà mìíràn kúrò. Ìdajì tí ẹ kì í sọ nìyẹn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ọdún. Ọdún 2003 ni Hon Lik ṣe irú vape tó gbòde yìí ní Ṣáínà. Ẹ̀rọ tó ń wé sìgá ti wà láti nǹkan bí ọdún 1880, ọdún 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill sì tó gbé iṣẹ́ wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìran méjì ti fa sìgá kọjá kí òtítọ́ tó dé. Wọ́n ní vape kò burú tó sìgá fún àgbàlagbà tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò fa sìgá rí, kí lo fẹ́ fi vape jáwọ́ nínú rẹ̀? Nikotíìnì máa ń di bárakú, ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló sì tètè ń mú.

Ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, tàbí pé ọmọ kíláàsì yín ló fún yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gba kí wọ́n fi vitamin sínú omi vape, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni Chris Pudney ti Yunifásítì Bath yẹ vape tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ 38 ní England wò. Ọ̀kan nínú mẹ́fà ló ní Spice nínú. Spice yìí, igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni, mọ̀lẹ́bí ohun tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní Colorado, èyí tí ẹ ti rí i bó ṣe ń sọ ọ̀dọ́kùnrin lulẹ̀ lójú títì tó ń pàfọ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé THC ni wọ́n ń rà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de vape àfàjùnù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti àpò tà fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò bèèrè lọ́wọ́ òfin tẹ́lẹ̀.

Ní Èkó ńkọ́? Ẹ̀ ń rà á nílé ijó, ẹ̀ ń rà á lójú Instagram, ọlọ́kadà ló ń gbé e wá. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín pé níbo ni wọ́n ti ṣe é, kí ló wà nínú rẹ̀, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá lè dáhùn, òun náà ń ta ohun tí kò mọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì fẹ́ fi àyà yín dán an wò fún un.

Mo ní èmi yóò padà sórí àwọn tó fi nǹkan pamọ́. Nínú àwọn 29 tí CDC kọ́kọ́ yẹ̀ wò, mẹ́ta wà tó sọ pé àwọn kò fa THC, tí wọ́n sì rí THC nínú omi ẹ̀dọ̀fóró wọn. N kò bú wọn. Igbó lòdì sófin níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ìyá wọn lè jókòó tì wọ́n lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n irú ìfipamọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àríyànjiyàn náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí dókítà kò lè wá ohun tí wọ́n ní kò sí níbẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín, ó lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún àwọn àmì àìsàn náà kà: ara gbígbóná, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ara ríro, ikọ́. Kí ni a ó kọ́kọ́ pè é ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta? Ibà ni. Bí ibà kò bá lọ, táífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n á fún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé, ẹ̀dọ̀fóró á sì máa bàjẹ́ lọ ní tirẹ̀. Kò sí ohun tí yóò mú dókítà ronú kan vape bí ẹni tó ń fà á kò bá sọ.

Nítorí náà, bí o bá ti ń fà á, yálà nikotíìnì ni o, yálà òróró igbó ni o, tí èémí rẹ kò sì délẹ̀ mọ́, tàbí tí àyà ń dùn ọ́ pẹ̀lú ibà àti èébì, má ṣe tọ́jú ara rẹ nílé, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Sọ fún dókítà pé o ń fa vape. Sọ èyí tí ò ń fà, iye ọjọ́ tó ti pẹ́, àti ọwọ́ ẹni tí o ti rà á. Kó kátíríìjì náà sínú ọ̀rá, mú un dání. Má fọ̀ ọ́, má sọ ọ́ sí gọ́tà nítorí ìtìjú. Inú irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ohun tó ń pa àwọn ọmọ Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ọmọ dé ilé ìwòsàn, bí dókítà bá ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ẹ dìde, kí ẹ bọ́ síta, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn.